Ìbòrí Tó Ń Tọ́ Atẹ́gùn Sọ́nà

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nídìí bàálù tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ìbòrí ẹ́ńjìnnì ló wù mí jù. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń kan RV-7, bàálù kékeré tí wọ́n ń tà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà fún ẹni tó fẹ́ kàn án fúnra rẹ̀, ní Amẹ́ríkà ló ń sá fún un. Ìyẹ́ bàálù máa ń dé pẹ̀lú ihò tí ilé iṣẹ́ ti lu sílẹ̀, àmọ́ abala fáíbà méjì ni ìbòrí, etí wọn sì gùn ju bó ti yẹ lọ. Ọwọ́ ẹni ló kù tí yóò gé e títí yóò fi bá ara mu.

Kí n tó gbé e lé ẹ́ńjìnnì, mo máa ń fa ìlà sára bàálù, sẹ́yìn ibi tí fáíbà lè bò dé. Láti ìlà yẹn ni màá ti wọn ibi tí màá gé. Síbẹ̀, mi ò kì í gé e dójú ìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì àti sáńpépà ló ń parí ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Níwájú, mo máa ń fi nǹkan bíi mílímítà 6 sílẹ̀ láàárín ìbòrí àti ṣóńṣó tó bo ìdí pùròpélà, torí ẹ́ńjìnnì máa ń mì lórí rọ́bà tó gbé e dúró.

Iṣẹ́ inú ìbòrí gan-an ló dùn jù. Atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì Lycoming tí à ń lò tutù: á gba ojú ihò méjì tó wà níwájú wọlé, á gba àárín sìlíńdà sọ̀kalẹ̀, á sì gba abẹ́ jáde. Pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù ni kì í jẹ́ kó yà bàrá. Mo máa ń fi kílíìpù ìwé há etí pẹlẹbẹ náà, kí orí wọn yọ sókè. Tí mo bá rọra gbé ìbòrí lé e, á tẹ̀ wọ́n wálẹ̀. Tí mo bá ṣí i, ibi tí kílíìpù kọ̀ọ̀kan ga dé ló ń sọ àyè tó wà níbẹ̀ fún mi. Rọ́bà sílíkónì ló ń dí àyè náà. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí ọ̀nà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ lè tì í mọ́ ìbòrí.

Ní 1928, Fred Weick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú ti Langley, ní Virginia, fi hàn pé ìbòrí tó dáa lè mú bàálù yára sí i, kí ẹ́ńjìnnì má sì gbóná jù. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn Collier ti 1929, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn tó gbé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ga ní Amẹ́ríkà. Ẹwà nìkan kọ́ ni ìbòrí wà fún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kan bàálù tiyín, ẹ má gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíì. Ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ mọ gbogbo ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà; lọ́jọ́ tí sìlíńdà kan bá gbóná ju ìyókù lọ, á mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò.