ILÉ NI A TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE: ÀRÍWÍSÍ LÓRÍ ỌDÚN ÀTI ILÉ TUNTUN NÍ ÀBÚJÁ

Orúkọ tí àwọn Yorùbá sọ ọdún tí àwọn Mùsùlùmí fi ń pa àgbò kò wá láti inú èdè Lárúbáwá. Iléyá ni a ń pè é, èyí ni pé ilé yá, àkókò tó láti máa lọ sílé. Bí a bá fi ojú ṣùnnùkùn wo orúkọ yìí, a ó rí i pé ìdájọ́ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe àgbò ni àwọn baba wa wò kí wọ́n tó sọ ọdún náà lórúkọ, bí kò ṣe ìpadàbọ̀ ọmọ sí ilé. Lójú tiwọn, ọdún tí kò bá ní ilé nínú kò tíì di ọdún. Ìdájọ́ yìí ni n ó fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àròkọ yìí, tí n ó fi wọn ọdún ṣíṣe ní Àbújá wò.

Ìlú tuntun ni Àbújá. Ní 1975 ni ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, tí Adájọ́ Akinọlá Àgùdà jẹ́ alága rẹ̀, láti wádìí ibi tí olú-ìlú yóò wà. Ní oṣù kejì ọdún 1976 ni òfin tí ó dá agbègbè náà sílẹ̀ jáde, ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 sì ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á sọ ọ́ bí ẹni pé ilẹ̀ òfìfo ni a bá níbẹ̀ o. Àwọn Gbágyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n ń gbé ibẹ̀, a sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn Gbágyi kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn lọ sí ibùdó tuntun bíi Kubwa. Nítorí náà, àti ẹni tí ó ṣí wá àti ẹni tí a ṣí nípò, ìbéèrè kan náà ni ó wà níwájú wọn: kí ni ènìyàn ń ṣe kí ilé tuntun tó di ilé?

Ìjọba gbìyànjú láti dáhùn ní tiwọn. Ní 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún tí a mọ̀ sí Abuja Carnival. Àwọn oníjó, onílù, eléégún àti ẹlẹ́ṣin wá láti ìpínlẹ̀ káàkiri, wọ́n yan káàkiri ìgboro, wọ́n sì ṣe eré ní gbàgede Eagle Square. Kò yẹ kí lámèyítọ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yìí. Aṣọ wọn dára, ìlù wọn dùn, ọmọ Yorùbá sì rí ijó Tiv tí ì bá má rí láéláé. Gẹ́gẹ́ bí eré, ó yege. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n ọdún, ó fúyẹ́. Ta ni ó ni iṣẹ́ níbẹ̀? Òṣèré ń ṣe, òǹwòran ń wò. Bí òṣèré kan kò bá wá, a ó fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀, kò sì sí ilé kan tí yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jẹ́ kí á fi Òṣogbo wé e, nítorí ní ọdún 2005 kan náà ni àjọ UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Èrò pọ̀ ní Òṣogbo ju ti gbàgede lọ, àlejò sì ń ti òkè òkun wá. Síbẹ̀, Arugbá tí ó ru igbá lọ sí odò kì í ṣe ẹni tí a háyà. Omidan láti ìdílé ọba ni. Bí kò bá sí i, ọdún dúró. Bákan náà ni ọ̀ràn egúngún rí. Ẹ̀kú tí òǹwòran rí tí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, láti ìran dé ìran ni àwọn ọmọ ilé ń fi aṣọ kún un. Àwọn obìnrin ilé ni wọ́n sì ń ki oríkì tí orí eléégún fi ń wú. Ìwé tí Karin Barber kọ ní 1991 lórí oríkì ní ìlú Òkukù fi èyí hàn gbangba, pé lẹ́nu ìyàwó ilé àti ọmọ-osú ni ìtàn ìdílé ń gbé. Nígbà tí ẹ̀kú nìkan bá dé Àbújá, tí àwọn tí ó rán an àti àwọn tí ó ń kì í wà nílé, ẹ̀ṣọ́ ni a kó ròde, a kò kó ilé dání.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni èyí kan olùkọ́. Ó kàn án gidigidi. Nígbà tí a rán mi lọ sí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Àbújá láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, mo ní kí àwọn ọmọ Yorùbá inú kíláàsì kọ àròkọ lórí ọdún kan. Wọn kò ṣe àṣìṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ tí wọ́n lò ni ó dùn mí: "wọ́n máa ń jó, wọ́n máa ń jẹ iyán, wọ́n máa ń bọ òrìṣà." Ta ni "wọ́n"? Ọmọ Ìlọrin ni, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń sọ̀rọ̀ ìran rẹ̀ bí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ògiri. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó kọ "a". Kò kọ nípa egúngún rárá. Ìsọmọlórúkọ àbúrò rẹ̀ ni ó kọ: "A fi oyin kàn án lẹ́nu, èmi ni mo gbé abọ́ iyọ̀." Iṣẹ́ tí ó ṣe ni ó fún un ní "a".

Àwọn kan yóò ní ilé alájà tí a háyà kò ní ojúde, kò ní ojúbọ, àti pé onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wa nísinsìnyí. Òtítọ́ ni. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbé eégún gun àtẹ̀gùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe ọdún gbogbo ni ó nílò ilẹ̀ bàbá ẹni. Ẹ wo àwọn Telugu, ẹ̀yà ńlá kan ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, tí ọmọ wọn tàn ká ayé bí ọmọ Yorùbá ṣe tàn. Bí wọ́n bá ń wọ ilé tuntun, wọ́n á gbé wàrà kaná, wọ́n á sì jẹ́ kí ó hó títí yóò fi ru kúrò nínú ìkòkò, kí ọrọ̀ lè kún ilé náà kí ó sì ṣẹ́kù. Ní Ugadi, ọdún tuntun wọn, wọ́n a po adùn mẹ́fà pọ̀ sínú abọ́ kan: òdòdó dóńgóyárò tí ó korò, ṣúgà ìrèkè, àjàgbọn, máńgòrò tí kò tíì pọ́n, iyọ̀ àti ata. Tọmọdé tàgbà ilé ni yóò tọ́ ọ wò, nítorí pé báyìí ni ọdún tí ń bọ̀ yóò rí, kíkorò àti dídùn. Ìkòkò àti abọ́ kò ṣòro gbé. Ibi tí iná ìdáná bá wà, ọdún wà níbẹ̀.

Ǹjẹ́ àwa kò ní irú rẹ̀ bí? A ní in. Obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀ àti omi tí a fi ń sọmọ lórúkọ kò yàtọ̀ sí abọ́ Ugadi: ìtọ́wò ni, àdúrà ni, ọ̀rọ̀ sì ni. Ìdí nìyí tí ìsọmọlórúkọ fi rìn dé Àbújá, dé Lọ́ńdọ̀nù, dé Amẹ́ríkà láì kú, tí ọmọlẹ́yìn Jésù àti Mùsùlùmí sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣílé tiwa lónìí. A ó ta àtíbàbà, a ó pín aṣọ ẹbí, a ó háyà olórin, a ó sì jẹun títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nínú gbogbo rẹ̀, kí ni a gbé lé ọmọ ilé lọ́wọ́? Ta ni ó ki oríkì baba onílé kí ògiri tuntun lè gbọ́ ọ? Gbàgede Eagle Square ni a kó wọ inú pálọ̀.

Ìdájọ́ mi ni pé kí àjọ̀dún ìgboro máa bá a lọ bí eré, ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi í dípò ọdún. Iṣẹ́ ọdún kù sí ọwọ́ àwa òbí àti olùkọ́. Kí ọmọ gbé abọ́ oyin, kí ó mọ ìdí tí a fi ń lo orógbó, kí ó lè ki oríkì ilé rẹ̀ bí kò tilẹ̀ ju ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá dé ẹnu iṣẹ́, kí á tó ní kí ọmọ to orúkọ àwọn ọdún ilẹ̀ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi í ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nílé lọ́jọ́ ọdún. Bí kò bá ní, kí á ran àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ láti fún un ní ọ̀kan. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí àjò ńkọ́? Àfi kí á kọ́ ilé fún un níbi tí ó wà.