Yẹ̀, Dá, Ya, Gan: Àríwísí lórí Ọ̀rọ̀ Ìtọ́jú Èjìká ní Agbègbè Ọ̀wọ̀

Bí èjìká ènìyàn bá fara pa ní Ìsùàdà tàbí ní ìlú mìíràn ní agbègbè Ọ̀wọ̀, ìbéèrè tí ó sábà máa ń ṣáájú ni pé: ṣé ọ̀dọ̀ a-to-eegun ni kí a gbé e lọ ni, àbí ọsibítù? Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀ nítòsí, síbẹ̀ ìbéèrè náà kò kúrò nílẹ̀. Ohun tí ó ń gbé e ró ni gbólóhùn kan tí ó ti di àtẹnudẹ́nu nílẹ̀ Yorùbá: ‘Bí ẹ bá gbé e dé ọsibítù, wọn yóò gé e.’ Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé inú ìbéèrè náà gan-an ni àṣìṣe wà. Ó ń wá ibi tí a ó lọ kí ó tó wádìí ohun tí ó ṣe èjìká.

Èdè Yorùbá kò ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Oríkèé a máa yẹ̀, eegun a máa dá, iṣan a máa ya, apá a sì máa gan. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ni ìwọ̀nyí, àìsàn mẹ́rin ni wọ́n sì dúró fún.

Kí a mú ‘yẹ̀’ ṣáájú. Kòtò tí orí eegun apá jókòó sí ní èjìká kò jìn. Èyí ni ó jẹ́ kí apá lè yí síwá sẹ́yìn, òun náà ni ó sì jẹ́ kí èjìká máa yẹ̀ ju àwọn oríkèé ńlá yòókù lọ. Ọwọ́ ni a fi ń dá a padà. Ní 1870, Theodor Kocher, oníṣègùn ará Switzerland, ṣàlàyé bí a ṣe lè rọra yí apá títí yóò fi wọlé láìlo abẹ. Níhìn-ín, iṣẹ́ ọwọ́ ni a-to-eegun àti dókítà jọ ń ṣe. Ìyàtọ̀ wọn ni pé dókítà ní oògùn ìrora, ó sì ní àwòrán X-ray tí yóò fi hàn bóyá eegun dá pẹ̀lú. Bí èjìká ọ̀dọ́ bá ń yẹ̀ léraléra ni ọ̀rọ̀ abẹ máa ń wọ̀ ọ́.

‘Dá’ ni ó gbé òkìkí a-to-eegun ró. Àwọn mìíràn nínú wọn a máa ṣẹ́ eegun ẹsẹ̀ adìẹ, wọn a sì máa tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn. Bí adìẹ bá rìn, a jẹ́ pé ara aláìsàn ti yá. Gẹ́gẹ́ bí àmì, adìẹ yìí ní làákàyè nínú: ó ń ka ọjọ́, ó sì ń kọ́ni ní sùúrù. Ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ìka ọwọ́ aláìsàn ti tutù. Bí ìdè bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn, ẹran ara yóò kú, ọsibítù tí wọ́n sá fún ni wọn yóò sì gbé e lọ nígbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti gé e lóòótọ́. Gbólóhùn àtẹnudẹ́nu yẹn kì í ṣe irọ́, ìparí ìtàn ni ó fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ìwádìí àwọn oníṣẹ́ abẹ fúnra wọn kò fi gbogbo ìgbà gbè sẹ́yìn abẹ. Ní Bìrìtéènì, a fi àwọn aláìsàn 250 tí orí eegun apá wọn dá wéra. Àbájáde tí ó jáde ní 2015 fi hàn pé, lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò sàn ju àwọn tí a kàn fi aṣọ gbé apá wọn kọ́rùn lọ.

Ní ti ‘gan’, èyí tí ó sábà máa ń mú àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ, ìdè kò bá a mu rárá, nítorí ìdè a tún máa mú un le sí i. Ìwádìí mìíràn ní Bìrìtéènì tí ó jáde ní 2020, tí aláìsàn 503 kópa nínú rẹ̀, fi ìdárayá, fífi ọwọ́ yí apá lábẹ́ oògùn akunilóorun, àti iṣẹ́ abẹ wéra. Kò sí èyí tí ó ta yọ dáadáa. ‘Ya’, pàápàá bí iṣan bá já pátápátá nínú jàǹbá, lè béèrè abẹ ní kíákíá.

Àríwísí yìí kò dá ọsibítù náà sí. Dókítà tí ó bá kàn dárúkọ iṣẹ́ abẹ láìsọ èwo nínú ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ṣe aláìsàn, òun náà ń bu epo síná ẹ̀rù. Bí ará Ìsùàdà bá kọ́kọ́ béèrè pé, ‘Ó yẹ̀ ni, ó dá ni, ó ya ni, àbí ó gan?’, yóò rí i pé X-ray ni ó máa ń dáhùn púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe abẹ. Bí ìka bá sì tutù, tí ó wú, tàbí tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́ lábẹ́ ìdè, kí a tú u lójú ẹsẹ̀, kí a sì gba ọ̀nà ọsibítù. Kí a má ṣe dúró de adìẹ.