Àdàkọ Ohùn Apohùn nínú Àpilẹ̀kọ Àṣekágbá: Àpẹẹrẹ Kan láti Odò-Ọwá Èkìtì

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni àpilẹ̀kọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá máa ń kọ ní ọdún àṣekágbá wọn ní yunifásítì, àti sẹ́mínà tí wọ́n ti máa ń gbèjà rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ni, tí a sì ń yẹ iṣẹ́ wò, a ti ka irú rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n orí tí ó dá lórí tíọ́rì àti orí àgbálọgbábọ̀ ni a máa ń fara balẹ̀ kà. Àsomọ́ tí ó wà lẹ́yìn ìwé, níbi tí àdàkọ ohùn àwọn apohùn wà, ojú lásán ni a fi ń gán an. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

N ó mú àpẹẹrẹ kan. Àpilẹ̀kọ náà dá lórí orin àwọn obìnrin Odò-Ọwá, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjerò, Ìpínlẹ̀ Èkìtì. (Odò-Ọwá mìíràn wà ní Òkè-Ẹ̀rọ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá sọ èyí tí òun lọ ti kó ìdààmú bá ẹni tí yóò tẹ̀ lé e.) N kò ní dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni irú àṣìṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ìlú náà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́yán lórí. Ó kọ ọjọ́ tí ó gba orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó sọ ohun tí ó fa orin náà, ó sì ya ìpín alé kúrò lára ìpín agberin.

Ní orí kẹrin, níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ lórí ọnà èdè, ó ní àwọn obìnrin wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìró sí, pé èrò inú orin ni ó jẹ wọ́n lógún. Ó fi orin kan ṣe ẹ̀rí. Nínú àdàkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ìlà mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra ni ọmọ, orúkọ, odídẹ. Lójú ìwé, òótọ́ ló sọ: ọ ni ó bẹ̀rẹ̀ ìkíní, o ni ó bẹ̀rẹ̀ méjì yòókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí ó jẹ́ kí a gbọ́ ohùn náà ní sẹ́mínà, ohun tí obìnrin náà wí ketekete ni ọmọ, ọrúkọ, ọdídẹ. Ìró kan ṣoṣo ni ó fi ṣí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọnà orin náà rẹ́, ó wá ń sọ pé olórin kò dá ọnà kankan sí i.

Èkìtì wà lára àwọn ẹ̀ka-èdè Àárín Gbùngbùn, pẹ̀lú Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà, nínú ìpín tí Abíọ́dún Adétugbọ́ ṣe ní 1967. Àǹkóò fáwẹ́lì ní ẹkùn yìí gbòòrò ju ti Yorùbá àjùmọ̀lò lọ. Nínú àjùmọ̀lò, u àti i tí ó wà láàárín orúkọ àti odídẹ máa ń dínà àǹkóò. Ní Èkìtì, àǹkóò ń là wọ́n kọjá dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Fáwẹ́lì àárín yẹn pàápàá kì í ṣe u tàbí i tí a mọ̀ gan-an. Ahọ́n wálẹ̀ díẹ̀ nínú pípè rẹ̀, kò sì sí lẹ́tà fún un nínú ábídí wa. Èkìtì tún máa ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: ulé, ùlú, ugi. Àjùmọ̀lò kò gba ìyẹn rárá.

Ta ni ó wá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti sọ ulé di ilé? Àwa ni. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń fi bíírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Nínú àròkọ ìdánwò, a kò jẹ̀bi. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 wà kí gbogbo wa lè máa kọ nǹkan bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni àdàkọ ohùn ẹnu. Ẹni tí ó bá tún ẹ̀rí ṣe kí ó tó gbé e síwájú adájọ́, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Ọmọ tí a ti fi ulé fìyà jẹ fún ọdún méjìlá kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ọjọ́ tí ulé di ọ̀ràn-an-yàn ti dé. Alámòójútó ni ó yẹ kí ó sọ fún un.

Àwọn kan yóò ní òǹkàwé láti Ọ̀yọ́ tàbí Ẹ̀gbá kò ní gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. Kí a kọ ohùn olórin bí ó ṣe wí i sí apá òsì, kí a kọ ti àjùmọ̀lò sí apá ọ̀tún. Alámòójútó kan sọ fún mi pé ìyẹn yóò sọ ìwé di bàǹtà-banta. Kí a gé orí tíọ́rì kúrú nígbà náà! Akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń wí yìí fi odidi orí kan ṣàlàyé tíọ́rì ìfojú-ìmọ̀-ìbára-ẹni-gbépọ̀-wò, kò sì tún mẹ́nu bà á mọ́ títí ìwé fi parí.

Ohun kejì tí mo rí bá àsomọ́ náà wí ni pé “àwọn obìnrin àdúgbò” ni ó pe àwọn tí ó kọrin fún un. Bí a bá ṣí ìwé Karin Barber lórí oríkì ní Òkukù, *I Could Speak Until Tomorrow*, tí ó jáde ní 1991, a ó bá Ṣàngówẹ̀mí níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, a ó mọ ohun tí ó ń ṣe tí ẹlòmíràn kì í ṣe. Ọdún bíi mẹ́ta ni Barber fi gbé Òkukù fún iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ó ṣe ní Yunifásítì Ifẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n orúkọ olórin, bí olórin bá fọwọ́ sí i, kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ti sẹ́mínà ni ó kù. Ìgbà tí a bá ti tẹ ìwé tán, tí ó ku kí a dì í, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ń ṣe é. Kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ tún ṣe nígbà náà ju àmì ohùn lọ? Ohun tí mo fara mọ́ ni kí a ṣe é kété tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti oko ìwádìí àkọ́kọ́ dé, kí ó gbé ohùn wá, kí a jọ gbọ́ ọ, kí a sì ya máàkì sọ́tọ̀ fún àdàkọ nìkan. Lẹ́yìn náà, kí ó padà lọ ka àdàkọ rẹ̀ fún olórin.

A ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà sí Odò-Ọwá, ó ka èyí tí ó ti fọ̀ mọ́ fún ìyá náà. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó bi í pé orin ta nìyẹn. Ó wá ka èyí tí a jọ tún kọ ní sẹ́mínà. Kò tíì dé ìlà kejì tí ìyá fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Orí kẹrin yí padà pátápátá lẹ́yìn ìyẹn. Ìwé ti wà ní ibi ìkówèésí báyìí, ṣùgbọ́n orí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ ni ohùn náà ṣì wà. Kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ó mú un wá.