Ẹni Tó Ní Kí Olóṣèlú Mú Ẹ̀rí Wá
Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí Robert Schuman Centre nílùú Florence, ní Ítálì, ṣe irinṣẹ́ EU Profiler fún ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Yúróòpù. Olùdìbò á dáhùn ìbéèrè, á sì rí ẹgbẹ́ òṣèlú tí èrò wọn bá tirẹ̀ mu. Làálàá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni mo kan sáárá sí: wọ́n ka ìwé ètò àwọn ẹgbẹ́, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó dúró sí, wọ́n sì fi méjèèjì wéra. Ẹnu olóṣèlú a máa dùn nígbà ìbò. Ẹni tó bá ní kó mú ẹ̀rí wá ti ṣe ará ìlú lóore. Wọ́n tún ṣe irú irinṣẹ́ yìí ní 2014, 2019 àti 2024.