«Òfin ìwọ̀-oòrùn» tàbí òfin onígbèdéke?

Ní 1976 ni ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ṣe «sunset law»; Texas tẹ̀ lé e ní 1977. Òfin náà dá ọjọ́ fún irú àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ: bí ilé aṣòfin kò bá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí wọ́n tún un fọwọ́ sí, àjọ náà parí. «Òfin ìwọ̀-oòrùn» ṣì í túmọ̀, bíi «clause crépusculaire» ti èdè Faransé. Létí ará Àjàṣẹ́, ìwọ̀-oòrùn jẹ́ apá kan ayé. Oòrùn tó sì wọ̀ yóò yọ lọ́la láìjíhìn fẹ́nikẹ́ni. «Òfin onígbèdéke» ló tọ́: gbèdéke kì í sún ara rẹ̀ síwájú. Níbi tí àjọ kì í ti í jíhìn, aláìsàn ló ń jìyà.