Albert Namatjira àti Àwòrán Ilẹ̀ Aṣálẹ̀: Irinṣẹ́ Àlejò, Ojú Onílẹ̀

Láàárín àwọn tí ó fi ọ̀dà tí a fi omi pò ya ilẹ̀ aṣálẹ̀, díẹ̀ ni iṣẹ́ wọn fa àríyànjiyàn tó ti Albert Namatjira, ọmọ ẹ̀yà Arrernte ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ọsirélíà. Nígbà ayé rẹ̀, àwọn ará ìlú ń du àwòrán rẹ̀ rà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn lámèyítọ́ kò kà á sí. Wọ́n ní ìlànà òyìnbó ni ó kọ́, òun náà ni ó sì ń tẹ̀ lé. Wọ́n ní kò sí ohun kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn baba rẹ̀. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe kékeré. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá mú irinṣẹ́ àlejò lọ́wọ́ ti di àlejò nínú ilé baba rẹ̀. Àwòrán náà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi wọn ẹ̀sùn náà wò.

Ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1902 ni a bí i ní Ntaria, ní ẹ̀bá odò Finke, níbi tí àwọn ajíhìnrere ìjọ Lutheran láti ilẹ̀ Jámánì tẹ̀dó sí, tí wọ́n sì sọ ní Hermannsburg. Elea ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n gba ìrìbọmi ní ọdún 1905 ni ó di Albert. Ó kọ́ ìwé ní ọ̀dọ̀ àwọn ajíhìnrere, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àwọn àgbà ẹ̀yà rẹ̀ mú un lọ sínú ìgbẹ́ láti fi ìmọ̀ ilẹ̀ náà hàn án gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ méjì ni ó lọ. Lẹ́yìn náà ó da ràkúnmí, ó ṣe káfíńtà, ó ṣe alágbẹ̀dẹ, ó sì ń fi irin gbígbóná ya àwòrán sára pákó láti tà fún àwọn àlejò.

Ní ọdún 1934, àwọn ayàwòrán méjì láti ìpínlẹ̀ Victoria, Rex Battarbee àti John Gardner, pàtẹ àwòrán wọn ní Hermannsburg. Nígbà tí Battarbee padà dé ní 1936, òun àti Namatjira ṣe àdéhùn. Namatjira yóò da ràkúnmí fún un, yóò sì máa mú un kiri ilẹ̀ náà fún oṣù méjì. Battarbee yóò sì kọ́ ọ bí a ti ń lo ọ̀dà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí àwọn tí ó ń pe Namatjira ní aláfarawé gbàgbé ni pé ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti apá kan: ẹnì kan mọ ọ̀dà, ẹnì kejì mọ ilẹ̀. Ní 1938, Namatjira dá àfihàn tirẹ̀ ṣe ní Melbourne, gbogbo àwòrán tí ó pàtẹ ni a sì rà tán.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí irú ọ̀dà yìí ń béèrè lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí ń lo ọ̀dà olóròóró lè fi ọ̀dà funfun bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ọ̀dà tí a fi omi pò kò gba irú rẹ̀. Láti ara bébà funfun ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí ó bá kùn ún kọjá bí ó ti yẹ ti pa ìmọ́lẹ̀ náà. Ní aṣálẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń gbẹ omi lójú bébà kíákíá, ayàwòrán ní láti mọ ohun tí yóò ṣe kí ó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi. Ìmọ̀ ilẹ̀ níláti ṣáájú ìmọ̀ ọwọ́.

Èyí hàn gbangba nínú bí Namatjira ti ya irú igi yukalíptù kan tí èèpo rẹ̀ funfun bí ẹfun, tí àwọn òyìnbó sọ ní igi iwin. Ó sábà ń gbé e sí iwájú, nígbà mìíràn kí etí bébà gé orí rẹ̀ kúrò, tí ènìyàn yóò fi rí àpá àti kókó ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú àgbàlagbà kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òkè MacDonnell, pupa ní ìtòsí, aláwọ̀ àlùkò bí wọ́n ti ń jìnnà. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí lè rò pé àsọdùn ni àwọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá wo òkè wọ̀nyí ní ìdájí tàbí nígbà tí oòrùn ń wọ̀ yóò mọ̀ pé ẹlẹ́rìí òtítọ́ ni ayàwòrán náà.

Ohun kejì ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó yà, ìsàlẹ̀ àwòrán kò ju ẹnu ọ̀nà lọ. Òkèèrè ni a ń darí ojú sí. Nínú ti Namatjira, ibi gbogbo ni ó wúwo bákan náà. Òkúta tí ó wà nísàlẹ̀ gba àkíyèsí bí òkè ńlá tí ó wà lókè. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Lójú àwọn Arrernte, ilẹ̀ kì í ṣe ohun ìran lásán. Àwọn baba ńlá ìṣẹ̀dálẹ̀ ni ó rìn ín já, tí wọ́n sì di òkè, igi àti ibú omi rẹ̀. Nígbà tí Namatjira ń ya òkè Rwetyepme, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Mount Sonder, ní àyàtúnyà, kì í ṣe ẹwà ni ó ń wá kiri. Ó ń ka ojúlé fún ẹni tí kò mọ àdúgbò. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi ìfẹ́ bo àléébù. Ó ya nǹkan bí ẹgbàá àwòrán, gbogbo wọn kò sì dọ́gba. Àwọn oníbàárà ń béèrè igi funfun àti òkè àlùkò. Àwọn ẹbí rẹ̀, tí àṣà fún ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí ó bá ní, sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ọwọ́ ń ṣe ohun tí ojú kò wò mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó dára jù ni a fi ń mọ oníṣẹ́.

Bí ìjọba ti ṣe sí i tún fi ìtakora hàn. Wọ́n mú un lọ rí Ọbabìnrin Elizabeth ní 1954, ṣùgbọ́n ṣáájú èyí wọn kò jẹ́ kí ó kọ́ ilé sí Alice Springs. Ní 1957 wọ́n fún òun àti Rubina aya rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Wọn kò fún àwọn ọmọ rẹ̀. Òfin gbà á láyè láti ra ọtí, ó sì kà á sí ọ̀daràn bí ó bá fún ẹbí rẹ̀ mu. Ní 1958 a dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó lo oṣù méjì ní àtìmọ́lé ní Papunya. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1959. Ní 1983, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ogún rẹ̀ ta ẹ̀tọ́ àdàkọ àwòrán rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Ó di 2017 kí ó tó padà sọ́wọ́ wọn.

Ní Papunya kan náà, ní 1971, àwọn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí ya àmì àwọn baba ńlá sórí pákó, ayé sì yìn wọ́n pé iṣẹ́ onílẹ̀ nìyí. Àwọn kan fi ìyìn yìí tẹ́ńbẹ́lú Namatjira. Ṣùgbọ́n Wenten Rubuntja, ọmọ Arrernte, ya àwòrán ní ìlànà méjèèjì, ilẹ̀ kan náà ni ó sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 2020, Vincent Namatjira, ọmọ-ọmọ-ọmọ Albert, gba ẹ̀bùn Archibald fún àwòrán ènìyàn, ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbà á. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹni tí ó ni búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀sùn náà kò dúró. Namatjira yá irinṣẹ́. Kò yá ojú. Ohun tí àwọn lámèyítọ́ ayé rẹ̀ pè ní àfarawé ni onílẹ̀ tí ó fi èdè àlejò sọ fún àlejò pé ilẹ̀ yìí ní orúkọ, ó sì ní ẹni tí ó ni ín.