Ohun Tí Shari Kọ̀ Láti Sọ

Ẹ ṣáà mọ irú ìyá tí í na ọmọ rẹ̀ lójú ọjà kí ará ọjà lè mọ̀ pé òun ń kọ́ ọmọ. Irú rẹ̀ ni Ruby Franke ní ìpínlẹ̀ Utah nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọjà tirẹ̀ ló kàn fẹ̀ jù. Ní 2015 ló bẹ̀rẹ̀ sí gbé fídíò ilé rẹ̀ sórí YouTube, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà. Wọ́n pè é ní 8 Passengers, bí ẹní ní èrò ọkọ̀ mẹ́jọ. Nígbà tó gbóná, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló ń tẹ̀ lé wọn, owó sì ń wọlé.

Shari, àkọ́bí wọn, ló kọ ìwé The House of My Mother tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2025. N kò ní purọ́, ohun tó mú mi rà á ni pé mo fẹ́ mọ bí ìyà náà ti rí gan-an.

Ẹ rántí ẹjọ́ ọ̀hún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ọmọkùnrin rẹ̀ ọlọ́dún 12 gba ojú fèrèsé sá jáde nílé Jodi Hildebrandt, obìnrin tí ìyá rẹ̀ ń bá ṣòwò ìmọ̀ràn. Ó lọ tọrọ oúnjẹ àti omi lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó ti rù kan egungun, téèpù sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, adájọ́ rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún kan sí 15, lọ́nà mẹ́rin, kí ọ̀kan máa tẹ̀ lé èkejì.

Ni ariwo bá sọ pé kámẹ́rà ló tan àwọn tó ń wò jẹ. Irọ́ ni o! Kámẹ́rà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ní 2020, ọmọ rẹ̀ kan fẹnu ara rẹ̀ sọ nínú fídíò pé wọ́n gba yàrá lọ́wọ́ òun, oṣù méje lòun fi sùn sórí tìmùtìmù. Nínú òmíràn, ọmọ ọdún mẹ́fà gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán sílé. Tíṣà pe ìyá, ìyá ní òun ò gbé e lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fún un jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, òun náà ló gbé e síta. Àwọn kan bínú. Àwọn yòókù ní ìyá tó mọ ọmọ í kọ́ ni. Ká ní àdúgbò tiwa ni, àbí kí la ò bá sọ?

Shari ò dárúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ kékeré nínú ìwé yìí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìyà tiwọn, á ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Owó mi kọ́ ni mo fi ra ìwé ni? Ìgbà tí mo gbọ́ ohun tí mo sọ tán, ojú tì mí. Irú owó bẹ́ẹ̀ náà ṣáà ni ìyá wọn ń pa.

Fíìmù tí Hulu gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2025 lo fídíò tí ẹbí ọ̀hún kò fi han ayé rí. A tún jókòó, a tún ń wò wọ́n. Ìwé sàn jù ú lọ fíìfíì.

Shari lọ bá àwọn aṣòfin Utah sọ̀rọ̀ ní 2024. Ní 2025 wọ́n ṣòfin pé òbí tó bá ń rí owó ńlá lórí fídíò ọmọ gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ pamọ́ fún ọmọ náà. Tó bá sì pé ọdún 18, ó lè ní kí wọ́n yọ òun kúrò níbẹ̀. YouTube ti pa ojúde Ruby rẹ́ láti 2023. Àwọn tó ti dà á kọ sílé ṣì ń gbé e kiri.